Bí wọ́n ṣe ń kọ sáfà kékeré tó ń gba oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà, àti ibi tí ewu rẹ̀ fara pamọ́ sí

Nígbà tí ọdún 1990 ń lọ sópin, bébà pélébé kan wà lára kọ̀ǹpútà dúdú kan ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN, nítòsí ìlú Geneva lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ọ̀gbẹ́ni Tim Berners-Lee tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ló fi yíǹkì pupa kọ̀wé sí i pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Kò fi ṣe fáàrí rárá. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ lágbàáyé wà, bí agbálẹ̀ kan bá sì ṣèèṣì yọ wáyà rẹ̀ lálẹ́, gbogbo wẹ́ẹ̀bù tó wà láyé lọ́jọ́ náà ti wọlé sùn nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ sáfà ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń pè. Ẹni tó lọ gbowó ní báńkì tí wọ́n ní kó lọ bọ̀ lọ́la, “sáfà ti lọ” ni wọ́n ń sọ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀, tí ojú fóònù kàn ń yí bí òòyì, sáfà náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè pé kí gan-an ni nǹkan tó lọ náà, àtidáhùn máa ń di ìṣòro. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ gàgàrà kan ni, tó dúró sínú yàrá tútù níbì kan. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ títóbi kọ́ ló ń sọ ẹ̀rọ di sáfà. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni, ètò náà sì lè má ju ìlà mẹ́tàlá péré lọ.

Iṣẹ́ sáfà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyá olóńjẹ. Bó bá di àárọ̀, ìyá yóò ṣí búkà, yóò gbé ìkòkò kaná, yóò wá jókòó. Kì í kiri láti ojúlé dé ojúlé láti wá ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí ebi ń pa ló ń wá a wá, nítorí ó mọ ibi tó ń tà. Bákan náà ni sáfà jẹ́ ètò kan tó jókòó síbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, tó ń retí kí ètò mìíràn wá kàn sí i. Ètò tó wá kàn sí i yìí ni oníbàárà, ìbáà jẹ́ inú fóònù ló ti wá, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ilé sáfà kó tó gbéra, ṣùgbọ́n sáfà kò ní láti mọ oníbàárà kankan rí títí yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì sì lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ lóde òní ti lé ní ogójì ọdún. Lọ́dún 1974 ni Vinton Cerf àti Robert Kahn, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, gbé ìwé jáde lórí bí kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀, inú iṣẹ́ wọn sì ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní TCP ti jáde. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1983, ARPANET tó jẹ́ baba ńlá íntánẹ́ẹ̀tì kó sábẹ́ ìlànà TCP/IP. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde, èyí tó jẹ́ ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ihò iná tó wà lára ògiri ilé ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ kàn ń ki pílọ́ọ̀gì bọ ihò ni, kì í béèrè bí wáyà ṣe gba inú ògiri kọjá, tàbí bí iná ṣe rìn láti Kainji dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò ń ti ọ̀rọ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lápá kan, tí ọ̀rọ̀ náà ń jáde lápá kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ló wà láàárín. Linux, Windows, ẹ̀rọ Apple àti fóònù Android, ọmọ Berkeley ni gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni sáfà ń gbé kó tó rí oníbàárà sójú, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní Berkeley ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní: socket, bind, listen, accept. Èyí àkọ́kọ́ kò le. Sáfà kàn ń tọrọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ni, wọ́n á sì fún un, bí ẹni tó ra fóònù tuntun tí kò tíì ní nọ́ńbà. Bind ló ń fún un ní ibùgbé. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà nìkan kò tó, nítorí ètò tó ń gba lẹ́tà àti ètò tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde lè jọ wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí àwọn ayálégbé tó pọ̀ nínú agbo ilé kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún kálukú ní ojúlé tirẹ̀, nọ́ńbà ojúlé náà sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 65535. Ojúlé 25 ni lẹ́tà ń gbà wọlé, ojúlé 80 ni ti wẹ́ẹ̀bù, 443 ni ti wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi àṣírí bò. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Unix, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ya àwọn ojúlé tí kò tó 1024 sọ́tọ̀ fún alábòójútó ẹ̀rọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò yáa mú nọ́ńbà ńlá tí ẹnikẹ́ni kò lò, bíi 9000.

Listen ni gbígbé pátákó “a ti ṣí” síta. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń tẹ̀ lé e, tó ń sọ iye àlejò tó lè tò sórí ìlà nígbà tí ọwọ́ sáfà bá dí. Ní ayé 4.2BSD, iye náà kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. Lóde òní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò lè wà lórí ìlà kan.

Accept ni ojú iṣẹ́ náà gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í gbọ́. Bí sáfà bá pe accept tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, yóò dúró gbagidi síbẹ̀. Kò ní máa yọjú wo ọ̀tún wo òsì, kò sì ní fi agbára kọ̀ǹpútà ṣòfò. Ó sùn ni, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò jí i bí àlejò bá kanlẹ̀kùn. Bí àlejò náà bá wá dé, accept kò ní jẹ́ kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ni yóò fi lé sáfà lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ ti àlejò yẹn nìkan. Ilẹ̀kùn búkà ọ̀tọ̀, tábìlì oúnjẹ ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé àwo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn jẹun, torí bó bá dí ibẹ̀, ẹlòmíràn kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn kan wá rò pé tábìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wọ̀nyí ṣì wà lójúlé 9000 kan náà. Ohun mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra: àdírẹ́sì sáfà, ojúlé sáfà, àdírẹ́sì oníbàárà àti ojúlé tí oníbàárà ti gbéra wá. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìsopọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Òun ló jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè rọ́ lọ sójúlé 443 ilé-iṣẹ́ kan ní ìṣẹ́jú kan náà láìjẹ́ pé lẹ́tà ẹnì kan já sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Sáfà tí wọ́n sábà fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni gbohùngbohùn, èyí tó ń dá ohunkóhun tí oníbàárà bá sọ padà fún un. Ó pẹ́ tó ti wà. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1983 ni Jon Postel ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi í sójúlé 7. Bó ṣe rí nìyí lédè Python, èdè tí Guido van Rossum kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1991. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ nìkan ni kò ṣe é yí padà. Orúkọ tí wọ́n bá sọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ lè jẹ́ Yorùbá, wọn ò kàn fàmì sí i kí títẹ̀ rẹ̀ lè yá.

import socket
ilekun = socket.socket(socket.AF_INET, socket.SOCK_STREAM)
ilekun.setsockopt(socket.SOL_SOCKET, socket.SO_REUSEADDR, 1)
ilekun.bind(("127.0.0.1", 9000))
ilekun.listen(5)
while True:
    alejo, ibi_to_ti_wa = ilekun.accept()
    while True:
        oro = alejo.recv(1024)
        if not oro:
            break
        alejo.sendall(oro)
    alejo.close()

Bí wọ́n bá ti tan ètò yìí, kò ní sọ nǹkan kan. Ó ti sùn sínú accept nìyẹn. Kí wọ́n wá ṣí ojú fèrèsé mìíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí wọ́n tẹ nc 127.0.0.1 9000, kí wọ́n sì kọ “Ẹ káàárọ̀”. “Ẹ káàárọ̀” ni yóò padà wá. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i, torí pé ètò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló dá wọn lóhùn láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìlà tó ní recv ló yẹ kí èèyàn dúró lé díẹ̀. Nọ́ńbà 1024 ibẹ̀ túmọ̀ sí pé báìtì tí sáfà yóò gbà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju 1024 lọ. Kò túmọ̀ sí pé gbólóhùn kan ni yóò gbà. TCP kò mọ gbólóhùn, odò tó ń ṣàn ló dà bí. Ẹni tó bu omi sí i nígbà mẹ́ta lápá òkè kò lè ní kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bù ú nígbà mẹ́ta pẹ̀lú. Ó lè bu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bù ú nígbà mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń kọ Yorùbá gan-an. Nínú ìlànà UTF-8, lẹ́tà “a” ń gba báìtì kan, ṣùgbọ́n “ẹ”, “ọ” àti “ṣ” ń gba báìtì mẹ́ta mẹ́ta, ká má tíì sọ ti àmì ohùn orí wọn. Bí 1024 bá pé sáàárín “ọ”, ìdajì lẹ́tà ni sáfà gbà yẹn. Gbohùngbohùn kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyí, torí bó ṣe gbà á ló ṣe ń dá a padà, ìdajì yòókù á sì tẹ̀ lé e. Sáfà tó bá fẹ́ ka abala kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ ni yóò kọsẹ̀. Bí recv kò bá sì mú báìtì kankan bọ̀, òfìfo yẹn ni àmì pé oníbàárà ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun ni if not oro wà fún.

Ibi tí àléébù ètò náà ti máa ń hàn ni ìgbà tí wọ́n bá ṣí ojú fèrèsé kẹta, tí wọ́n tún tẹ nc bíi ti ìṣáájú láìtíì ti ti ìkejì. Ìsopọ̀ yóò wọlé, kò sẹ́ni tí yóò lé e padà. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ̀wé sí i, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ sáfà lẹ́nu. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló gba àlejò kejì sórí ìlà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àlejò àkọ́kọ́ ni ètò ṣì wà, tó ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú recv. Ẹ̀yìn ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá lọ ni gbogbo ohun tí ìkejì ti kọ yóò rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àlejò àkọ́kọ́ bá sì jẹ́ ẹni tó wọ búkà tó pakájà, tí kò ra oúnjẹ tí kò sì dìde, ìyà ló ń fi jẹ gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ “sáfà ti lọ” tí aráàlú ń gbọ́. Kò lọ síbì kankan. Ẹnì kan ló ń dá a dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú èyí pọ̀. Àwọn ará Unix àtijọ́ máa ń bí ẹ̀dà sáfà tuntun fún àlejò kọ̀ọ̀kan, kí ti ẹnu ọ̀nà lè máa gba àlejò lọ. Ó dára fún èèyàn ogún tàbí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1999, Dan Kegel gbé ìbéèrè kan síta lórí bí sáfà kan ṣe lè tọ́jú oníbàárà 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé bíbí ọmọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò jẹ ẹ̀rọ run. Ìdáhùn tó gbilẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo máa wo gbogbo tábìlì, kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá nawọ́ nìkan. FreeBSD ṣe irinṣẹ́ kqueue fún un lọ́dún 2000, Linux sì ṣe epoll lọ́dún 2002.

Ìlà kẹta nínú ètò òkè yìí náà ní ìtàn. Bí sáfà bá kú lójijì nígbà tí oníbàárà ṣì wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í tètè gbé ojúlé náà sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó pẹ́ lọ́nà lè ṣì dé, kó sì já sọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lórí Linux, ó ń tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó bá yọ ìlà náà kúrò, tó sì tún ètò rẹ̀ tàn kíákíá, wọn á sọ fún un pé ẹnì kan ti wà nínú ilé.

Gbogbo èyí rọrùn níwọ̀n ìgbà tí àdírẹ́sì bá jẹ́ 127.0.0.1, torí inú kọ̀ǹpútà náà nìkan ni àdírẹ́sì yẹn mọ, kò sí ará ìta tó lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí i sí 0.0.0.0 ni ilẹ̀kùn ṣí sí ojú títì. Kò dìgbà tí ọlọ́ṣà bá dé kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà kan bá já okùn lójijì nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, Python yóò pariwo àṣìṣe, ètò onílà mẹ́tàlá yìí yóò sì kú pátápátá, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún un pé kó gbójú fo ìwà ẹnì kan.

Kó tó di pé accept rí àlejò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Oníbàárà yóò ní “Àgò o!” Sáfà yóò ní “Àgò yà!” Oníbàárà yóò tún fèsì pé òun ti gbọ́, òun ń wọlé. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, àwọn kan fi “àgò” ayédèrú bo Panix, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì nílùú New York. Àdírẹ́sì irọ́ ni wọ́n fi ń kígbe. Sáfà ń dáhùn “àgò yà” fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń tọ́jú àyè sílẹ̀ dè é lórí ìlà, títí ìlà fi kún tí àwọn oníbàárà gidi kò rọ́nà wọlé mọ́. Nínú oṣù yẹn náà ni Daniel J. Bernstein dá ọgbọ́n kan pé kí sáfà má tọ́jú àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kó fi nọ́ńbà àṣírí kan sínú “àgò yà” rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lóòótọ́ nìkan ni yóò lè tún un pè.

Ewu kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, inú ohun tí sáfà ń gbà lẹ́nu oníbàárà ló wà. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1988, Robert Tappan Morris tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell tú ètò kan sílẹ̀ tó ń rákò láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn tó gbà ni sáfà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fingerd. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lọ. Àyè báìtì 512 ló fi sílẹ̀ fún ìbéèrè, ṣùgbọ́n gets, àṣẹ tó fi ń gbà á, kì í wo bí àyè ṣe tó. Báìtì 536 ni Morris fi ránṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ṣàn kọjá ààlà, ó bo ibi tí ètò náà kọ ọ́ sí pé ibi báyìí ni kí n padà sí bí mo bá parí, sáfà sì lọ ń jíṣẹ́ tí àlejò rán an. Ìdíyelé tó gbajúmọ̀ ni pé nǹkan bí ẹ̀rọ 6,000 ló kàn. Lọ́dún 1990, ilé-ẹjọ́ fi Morris sábẹ́ ìṣọ́ ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó fi wákàtí 400 sin ìlú, kó sì san 10,050 dọ́là. Ọdún 2011 ni wọ́n tó yọ gets kúrò nínú ìlànà èdè C.

Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti di ìtàn àtijọ́, kó wo ti Heartbleed. Láti oṣù kẹta ọdún 2012 ni irú gbohùngbohùn kan ti wà nínú OpenSSL, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń bo àṣírí. Oníbàárà yóò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, yóò sọ iye báìtì tó jẹ́, yóò ní kí wọ́n dá a padà kóun lè mọ̀ pé ìsopọ̀ ṣì wà láàyè. Ètò onílà mẹ́tàlá òkè yìí kì í béèrè iye lọ́wọ́ àlejò, ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń dá padà. OpenSSL gba ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́. Oníbàárà tó fi báìtì kan ránṣẹ́, tó sì pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, èyí tó kù yóò sì jẹ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí nínú ọpọlọ sáfà: ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ àṣírí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Kánádà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí kéde pé wọ́n gba ọ̀nà yìí jí nọ́ńbà ìdánimọ̀ nǹkan bí 900 èèyàn. Lọ́jọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 2014 ni àtúnṣe jáde nínú OpenSSL 1.0.1g. Láti ìgbà náà, bí iye tí oníbàárà pè bá ju iye tó fi ránṣẹ́ lọ, sáfà yóò da ìbéèrè rẹ̀ nù láìfọhùn.